Ìyá tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́: ẹ̀kọ́ lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà



Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ìyá àgbà kan. Ó ti lé ní ọdún 70. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń din gàrí, tí ó ń gbé e lọ sí ọjà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú owó. Láti bí ọdún mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, kò pẹ́, ó tún fi iyọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kan ó lọ sí oko tí ó ti ń lọ fún ogójì ọdún, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àwọn ọdẹ ni wọ́n rí i ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sí ìdí igi kajú. Nísinsìnyí ó ń jí lóru, ó ń rìn káàkiri àgbàlá, ó ń bá ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú sọ̀rọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin lójú, ó ní: “Ìwọ ta ni?”

Kí ni àwọn ará àdúgbò yóò sọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan yóò ní ó ń ṣarán, pé ọjọ́ ogbó ni. Àwọn mìíràn yóò rẹ ohùn sílẹ̀, wọn yóò ní ìyá náà kì í rìn lóru lásán. Bí ọmọdé kan bá wá ń ṣàìsàn nínú ilé náà lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ di ńlá. Wọn yóò bi ìyá náà ní ìbéèrè. Òun tí kò mọ ohun tí ó jẹ ní àárọ̀ yóò dáhùn ohunkóhun. Wọn yóò sì ní ó ti jẹ́wọ́.

Ní oṣù keje ọdún 2020, ní Kafaba, ní àríwá Ghana, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún kan pa ní gbangba, nítorí wọ́n pè é ní àjẹ́. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wò. Láti ọ̀dọ̀ wa ní Lougba, Togo nìkan ni ó wà láàárín àwa àti Ghana. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ gùn díẹ̀ ju àwọn tí a ti kà lọ.

Orúkọ àrùn náà

Nínú gbogbo àrùn tí ń mú àgbà ṣarán, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní àrùn Alzheimer. Ẹ pè é báyìí: Al-sai-má. Nínú àgbà 10 tí ń ṣarán, mẹ́fà tàbí méje ni àrùn yìí wà lára wọn. Lára àwọn ìyókù, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba ọpọlọ wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn dókítà tí ń sọ Faransé ń pe ìṣarán ní “démence”. Ọ̀rọ̀ yìí ti da àwa tí a lọ sí ilé ìwé Faransé láàmú, nítorí “dément” tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, wèrè ni a túmọ̀ rẹ̀ sí. Àrùn yìí kì í ṣe wèrè. Wèrè lè mú ọ̀dọ́, ó lè lọ, ó sì lè padà. Èyí yàtọ̀. Ara ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́, bí ògiri amọ̀ tí òjò ń jẹ nídìí.

Dókítà ará Jámánì kan ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alois Alzheimer. Ní ọdún 1901, ní ìlú Frankfurt, wọ́n gbé obìnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 51 ni obìnrin náà. Ó ń gbàgbé nǹkan, ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, nígbà mìíràn kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán. Ó kú ní ọdún 1906. Dókítà náà gba ọpọlọ rẹ̀, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ó rí i pé ọpọlọ náà ti súnkì. Ó rí ìdọ̀tí tí ó dì bí èkùrù láàárín rẹ̀. Ó tún rí ohun tí ó lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1906, ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen. Ohun tí ó rí ní ọjọ́ náà ni àwọn dókítà ṣì ń wá nínú ọpọlọ títí di òní.

Àwọn ilé kéékèèké inú orí wa

Bí ẹ bá wo Lougba láti orí òkè, ìlú kan ṣoṣo ni ẹ rí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí i pé agbo ilé púpọ̀ ni. Báyìí ni ara wa rí. Gbogbo ara ni a fi àwọn ilé kéékèèké kọ́, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Orúkọ wọn ni sẹ́ẹ̀lì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ronú nínú ọpọlọ tó mílíáàdì 86. Mílíáàdì kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Kò sí oko àgbàdo tí hóró rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo kómúnù Bantè.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ púpọ̀. Ó ń fi ọwọ́ wọ̀nyí kan àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó ń ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí ẹ kọ́ lẹ́tà “gb” ní kíláàsì wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú orí yín di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò sì jẹ́ kí ó já. Ohun tí a ń pè ní ìrántí nìyẹn.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ààrò wà. Ààrò yìí ń jó oúnjẹ tí a jẹ, kí sẹ́ẹ̀lì lè ní agbára. Ọpọlọ kò wúwo, kò tó kílò kan àtààbọ̀. Síbẹ̀, bí a bá pín agbára tí ara ń lò sí ọ̀nà márùn-ún, ọpọlọ nìkan ń jẹ ìdá kan. Ààrò rẹ̀ kì í kú, ní ọ̀sán tàbí ní òru.

Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé kò sí ààrò tí kì í rú èéfín. Ti inú sẹ́ẹ̀lì náà ń rú. Èéfín rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè rí, ṣùgbọ́n ó ń ta bí ẹ̀ta iná, ó sì ń jó ohun tí ó bá bà lé. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, sẹ́ẹ̀lì ní ohun tí ó fi ń pa ẹ̀ta iná yìí. Bí a ti ń dàgbà, agbára yẹn ń dín kù.

Yàtọ̀ sí ààrò, sẹ́ẹ̀lì ní ibi iṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti ń ṣe pùrótéènì. Kì í ṣe pùrótéènì inú ẹ̀wà àti ẹja nìkan ni mo ń sọ. Ohun tí ẹ jẹ ni sẹ́ẹ̀lì ń tú palẹ̀, tí ó tún fi ń hun tirẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹni tí ń hun ẹní. Bí ẹní bá wọ́, ahunṣọ́nà rere yóò tú u, yóò tún un hun, tàbí kí ó jó o nínú ààrò. Sẹ́ẹ̀lì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹní tí ó wọ́ bá pọ̀ jù, bí èéfín bá ti kún ilé, kí ni onítọ̀hún yóò ṣe? Yóò dá iṣẹ́ tuntun dúró ná, yóò máa tún ilé ṣe. Àwọn onímọ̀ ń pe ipò yìí ní “stress cellulaire”. Àwa yóò pè é ní ìnira sẹ́ẹ̀lì.

Ìnira fún ìgbà díẹ̀ kò burú. Ó ń gba sẹ́ẹ̀lì là. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ojoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó tú ọwọ́ tí ó fi di àwọn aládùúgbò mú. Ní ìkẹyìn, ó pa ara rẹ̀.

Nínú àrùn Alzheimer, ìdọ̀tí méjì ni ó ń dá ìnira yìí sílẹ̀, tí ìnira náà sì tún ń sọ di púpọ̀. Èkíní ni èyí tí ó dì bí èkùrù láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Orúkọ rẹ̀ ni àmílọ́ídì. Èkejì ń jẹ́ táù. Táù wúlò nígbà tí ó bá wà ní àyè rẹ̀, nítorí òun ni ó ń di àwọn ọ̀nà inú sẹ́ẹ̀lì mú kí wọ́n má wó. Nínú àrùn yìí, ó tú kúrò ní àyè rẹ̀, ó lọ́ mọ́ra. Ọ̀nà wó, oúnjẹ kò dé ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì mọ́.

Iná tí a dá fún ọ̀yà

Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ ní oko, ibẹ̀ yóò wú, yóò pọ́n, yóò gbóná, yóò sì dùn yín. Ẹ̀gún nìkan kọ́ ni ó ń ṣe èyí. Àwọn ọmọ ogun ara yín ni. Wọ́n sáré wá láti pa kòkòrò tí ẹ̀gún mú wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á lọ, ẹsẹ̀ á sì rọ̀.

Ọpọlọ náà ní ọmọ ogun tirẹ̀. Dókítà ará Sípéènì kan, Pío del Río-Hortega, ni ó fi wọ́n hàn kedere ní ọdún 1919. Orúkọ wọn ní Faransé ni “microglie”. Àwa yóò pè wọ́n ní olùṣọ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ní: wọ́n ń ṣọ́ ilé, wọ́n sì ń gbálẹ̀. Wọ́n ń na ọwọ́ káàkiri ní gbogbo ìgbà. Ibi tí wọ́n bá rí òkú sẹ́ẹ̀lì tàbí ìdọ̀tí, wọ́n á gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n bá rí àmílọ́ídì, wọ́n yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí dára. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí náà kò tán. Ọdún kan, ọdún márùn-ún, ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn olùṣọ́ kò lọ sinmi. Wọ́n ń bínú sí i, wọ́n ń tú oró jáde, oró tí ó yẹ kí ó pa kòkòrò.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Ẹnì kan dá iná sí ìgbẹ́ láti lé ọ̀yà jáde. Iná náà ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, kò sì burú ní èrò ẹni tí ó dá a. Ṣùgbọ́n ewéko ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọ̀yà sá lọ. Iná kò dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọ oko kajú ẹlòmíràn, igi tí ó fi ọdún mẹ́jọ tọ́ ti jó. Bẹ́ẹ̀ ni iná inú ọpọlọ. Àwọn olùṣọ́ dá a nítorí ìdọ̀tí, ó sì wá jó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ ń jẹ àwọn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti di ọwọ́ ara wọn mú, ìyẹn ni pé wọ́n ń jẹ ìrántí fúnra rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó ṣáájú, bóyá ìdọ̀tí, bóyá ìnira, bóyá iná. Èyí tí wọ́n fi ohùn kan sọ ni pé ọ̀kan ń fẹ́ èkejì: iná ń mú ìnira bá sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú ìnira ń tú ìdọ̀tí sílẹ̀, ìdọ̀tí sì ń bí àwọn olùṣọ́ nínú.

Ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún gún ń dunni. Iná inú ọpọlọ kò dunni rárá, nítorí ẹran ara ọpọlọ kì í mọ ìrora. Ó lè jó fún ọdún 15 tàbí 20 kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà oko ní ọdún 72, ó ṣeé ṣe kí iná náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọdún 55, tí ó ṣì ń kọ ebè bí ọ̀dọ́. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìkan ni a ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì yìí ni a ń bá wí.

Ohun tí wọ́n rí ní Ìbàdàn

Àwọn kan lè sọ pé àrùn òyìnbó ni èyí. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ní ọdún 1992, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Ìbàdàn, ní Nàìjíríà, ní àdúgbò Ìdíkàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ni ó ṣáájú wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní Amẹ́ríkà, Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà láàárín àwọn ènìyàn dúdú ìlú Indianapolis, àwọn tí wọ́n kó babańlá wọn lẹ́rú láti ilẹ̀ wa níhìn-ín.

Wọ́n mú àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis. Kò sí ẹni tí kò tó ọdún 65, kò sì sí ẹni tí ń ṣarán nígbà náà. Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò fún bí ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2001 wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú 1,000 àgbà, àrùn Alzheimer mú bí 12 ní ọdún kan ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó mú 25. Ó lé ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, babańlá kan náà ni. Kí ni ó fa ìyàtọ̀?

Wọ́n wo ohun ogún kan tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ òbí, tí a ń pè ní APOE e4. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ní i wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn náà ní i dáadáa. Síbẹ̀, kò mú wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ènìyàn púpọ̀ sí i jọ, kìkì ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ìyá àti lọ́wọ́ bàbá pọ̀ ni ó wu léwu. Ó jẹ́ pé ogún nìkan kò tó. Ohun tí wọ́n rí láàárín ìlú méjèèjì ni pé àwọn ará Indianapolis sanra jù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ pọ̀ láàárín wọn ju ti Ìbàdàn lọ, ọ̀rá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn àgbà Ìbàdàn ń rìn, wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ àti iṣu, ẹran wọn kò pọ̀.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ fi èyí yangàn. Àwọn àgbà tí wọ́n kà ní 1992, oúnjẹ àtijọ́ ni wọ́n jẹ dàgbà. Ẹ wo ìlú wa lónìí. Ẹ wo iye kúbù tí ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ kan, iye ọtí dídùn tí ọmọ ń mu ní ọjọ́ ìnáwó, àti bí a ti ń gun zémíjàn lọ sí ibi tí bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ní orílẹ̀-èdè Benin náà, wọ́n ti kà á. Ní Djidja, ìlú àgbẹ̀ bí tiwa ní ìhà gúúsù Savalou, wọ́n wo àgbà 502 tí ó ti tó ọdún 65. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Nínú 100, bí mẹ́ta ń ṣarán. Ní Kútọnu, nínú 1,139, bí mẹ́rin nínú 100 ni. Èsì ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ohun kan wù mí nínú iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tí wọ́n lò ní Ìbàdàn àti ní Djidja kò béèrè pé kí àgbà kọ nǹkan tàbí kí ó ka nǹkan. Wọ́n ń bi í ní orúkọ ohun tí ó mọ̀, wọ́n ń sọ ìtàn kékeré fún un kí ó tún un sọ. Wọ́n sì ń bi ará ilé rẹ̀ pé: ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀? Àìmọ̀wé kì í ṣe ìṣarán.

Ohun tí ń fẹ́ iná náà

Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka ohun 14 tí a lè ṣe nǹkan sí. Wọ́n ní bí ayé bá lè mú gbogbo wọn kúrò, bí 45 nínú 100 àwọn tí ń ṣarán ni kò ní rí i, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dé. N kò ní ka gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí ó kàn wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi ṣáájú. Kì í dunni, bí iná inú ọpọlọ náà kì í ti í dunni. Ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún 40, kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, kí ó má fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Àtọ̀gbẹ náà bẹ́ẹ̀.

Orí tí ó fara pa. Ẹni tí ó ṣubú lórí zémíjàn láìdé kásíkì, ọpọlọ rẹ̀ lè máa san gbèsè náà ní ogún ọdún lẹ́yìn. Sódàbì àmujù àti sìgá, ẹ ti gbọ́ nípa wọn tẹ́lẹ̀.

Èéfín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń din gàrí nínú ilé tí kò ní fèrèsé, èéfín igi wọ ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí ó kéré jù nínú rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń mú ara gbóná láti inú. Ẹ gbé ààrò sí ìta, tàbí kí ẹ dá ihò ńlá sí òkè ògiri.

Oògùn òwú, bí kò tilẹ̀ sí lára ohun 14 náà. Ní ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè Gironde, wọ́n ṣe àyẹ̀wò àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní oko àjàrà. Àwọn tí oògùn kòkòrò ti ń kàn lára fún ọdún púpọ̀ kò lè rántí nǹkan, wọn kò sì yára ronú bí àwọn tí kò kàn.  Àwa ńkọ́, tí a ń fi ẹsẹ̀ lásán fọ́n ọn, tí a ń fi agolo rẹ̀ pọn omi mímu? Ẹ gún agolo náà lẹ́yìn tí ó bá tán, kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó. Ẹ má dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ oògùn lọ.

Etí tí ó di, ojú tí funfun bò, àti àdáwà. Ìwọ̀nyí jọ mí lójú. Àgbà tí kò gbọ́ràn kì í dá sí ọ̀rọ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ mú un jókòó sí àárín, ẹ má tì í sí ẹ̀yìn ilé.

Ìkẹyìn nínú èyí tí mo yàn ni àìkàwé. Ọpọlọ tí ó ti kọ́ nǹkan púpọ̀ ní ọwọ́ púpọ̀ tí ó fi di ara mú. Bí iná bá jó díẹ̀, ó ṣì rí ọ̀nà mìíràn gbà. Àwọn kan ń sọ fún mi pé àwọn ti dàgbà jù fún kíláàsì alẹ́. Ẹ fi ìpínrọ̀ yìí hàn wọ́n.

Oògùn ńkọ́?

Kò sí oògùn tí ń wo àrùn yìí sàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní donepezil, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, ń ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà gba èyí tí ń jẹ́ lecanemab láàyè. Ó ń ko àmílọ́ídì kúrò, ó sì ń dín eré àrùn náà kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, ó lè mú ọpọlọ wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀, owó rẹ̀ sì kọjá agbára wa.

Ẹnì kan lè rò pé bí ó bá jẹ́ iná ni, kí á mu oògùn tí ń pa wíwú. Àwọn onímọ̀ náà rò bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2001, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbà tí ó lé ní 2,500 ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ tàbí èyí tí kò ní nǹkan nínú. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 2004 nítorí ìbẹ̀rù fún ọkàn wọn. Kò dènà àrùn náà. Nítorí náà, ẹ má lọ ra hóró pupa àti ti aláwọ̀ méjì lẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ máa fún ìyá yín lójoojúmọ́. Ó ń dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ni

Bí àgbà bá gbàgbé orúkọ ẹnì kan, tí ó sì rántí rẹ̀ ní alẹ́, ogbó ni. Bí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí a fi í ṣe, ìyẹn kì í ṣe ogbó lásán.

Ẹ wo bí ó ti yá sí. Àrùn Alzheimer ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní oṣù dé ọdún. Bí àgbà kan tí ara rẹ̀ le lánàá bá ń sọ ìsọkúsọ lónìí, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, òùngbẹ, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀, oògùn tí ó mu, tàbí rọpárọsẹ̀. Bí ó bá ṣubú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn tí ó sì fi orí gbálẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú agbárí. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè tọ́jú. Ìbànújẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya náà lè jọ ìṣarán. Láti ilé ìwòsàn Bantè, wọ́n lè darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá ní Savalou.

Gbígbé pẹ̀lú rẹ̀

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá ní “Ìwọ ta ni?”, kí ọmọ rẹ̀ má bínú, kí ó má sì sunkún lójú rẹ̀. Kí ó sọ pé: “Èmi lágbájá, ọmọ yín ni mí, mo gbé ẹ̀kọ wá fún yín.” Bí ó bá béèrè ọkọ rẹ̀, ẹ má máa tún òkú náà sọ fún un lójoojúmọ́, nítorí bí ẹni gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni yóò rí lára rẹ̀. Ẹ ní: “Ẹ sọ fún wa nípa Bàbá.” Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí èyí tí ó pẹ́ ni ó ń kú kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí ó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀: ṣíṣa ẹ̀wà, gbígbá àgbàlá, yíyọ ẹ̀pà. Bí ó bá ṣe é búburú, ẹ tún un ṣe nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àti ìwẹ̀ máa bọ́ sí àkókò kan náà. Lóru, ẹ fi fìtílà kékeré sílẹ̀, ẹ sì so agogo mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún àwọn ọdẹ àti àwọn onízémíjàn pé bí wọ́n bá rí i lọ́nà, kí wọ́n mú un wálé pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má dè é mọ́ igi. Ẹni tí a dè ń bẹ̀rù, ìbẹ̀rù sì ń mú un jà.

Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ilé tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́. Òun ni kì í sùn. Kí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wà ní Kútọnu má rò pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ti tó. Kí wọ́n wá gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbéèrè fún kíláàsì

Kí ni iṣẹ́ àwọn olùṣọ́ ọpọlọ, báwo ni iṣẹ́ rere yẹn sì ṣe ń di ibi?
Kí ni ó fà á tí àrùn náà fi pọ̀ ní Indianapolis ju Ìbàdàn lọ?
Nínú agbo ilé yín, ta ni kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà wá ní ọjọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì yóò wà pẹ̀lú wa.